Páásíwọ́ọ̀dù Tí Ẹ Gbé Lọ

Bàbá mi, Tísà mi,

Inú ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín, torí bí mo bá kí yín tán, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ kú, ẹ sì gbé páásíwọ́ọ̀dù gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá ìkàwé lọ sọ́run. Ta ló máa bá yín tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀?

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ṣé ara ti tù yín? Ẹsẹ̀ yín tó máa ń wú yẹn ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Màmá wà nílé ní Èkìtì, ara wọn le. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí àárín bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mi ò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Láti àárọ̀ òní ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, tí mo ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, tí mo tún ń padà. Òjò ń rọ̀ sórí páànù yàrá ìkàwé yín ní Ore, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, ni mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá fèrèsé, mo ní kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a sin yín tán nílé tí mo padà sí Ore, mo mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò yín, mo lọ ṣí yàrá ìkàwé. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ìdánwò ìwọlé fásitì ń bọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì máa ti ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà níbòmíràn rí. Àwọn kan gun ọ̀kadà láti Omifunfun wá. Mo tan ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó ní kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ orúkọ yín, ó kọ̀. Mo tẹ orúkọ Màmá, ó kọ̀. Mo tẹ orúkọ ìlú yín, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ajá tí a sìn nígbà kan. Mo wá tẹ orúkọ tèmi, ọkàn mi balẹ̀ pé òun ni yóò jẹ́. Ó kọ̀ ọ́! Háà, Bàbá. Ta lẹ wá fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ óò ti dé ibí kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ óò lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, ẹ óò fi ara bo bọ́tìnì bí ọmọdé tó ń jẹ ẹran tí kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí i. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, ẹ óò kígbe pé, "Fi sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án, mò ń bọ̀!" Bí ẹ bá wà nídìí oúnjẹ, ẹ óò fi iyán sílẹ̀ kó tutù. Bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí fóònù yín bá ti gbọ̀n lápò, ẹ ti ń wá bàtà yín kiri nísàlẹ̀ àga nìyẹn. Màmá máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni ìyàwó yín àgbà. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ kì í sì í jiyàn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná lára mi ni pé ìwé mi ti dé. Ìjọba gbé mi lọ sí Àkúrẹ́, kí n lọ máa kọ́ni níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Ẹ mọ bí mo ṣe wá a tó. Ẹ̀yin náà gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ sì máa ń lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Wọ́n gbé yín láti Èkìtì wá kọ́ni ní Ore, ẹ ní ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ wá pẹ́ títí a fi fi mọ́tò òkú gbé yín lọ sílé. Ohun tí ẹ máa ń sọ náà ni pé bí ẹ bá lọ, kò sẹ́ni tó máa lè mójú tó yàrá ìkàwé. Mo gbà yín gbọ́. Èmi ò wá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ jí àwọn kọ̀ǹpútà yìí dìde, kí n rí ẹni fi wọ́n lé lọ́wọ́, kí n sì wọkọ̀ mi lọ. Bí mi ò bá rí i ṣe, ọ̀nà méjì ló kù: kí n ti yàrá náà pa lójú àwọn ọmọ yẹn, tàbí kí n jókòó tì í bíi tiyín.

Mo gbé ọ̀kan lọ bá Ẹnjiníà, ìyẹn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì márosẹ̀, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì Benin ti ń dúró kí èrò sọ̀kalẹ̀ jẹun. Ó wo ìdí rẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ó wá wo ojú mi.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yìí mà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi o."

Ó ní Wíńdòsì àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe é kò bójú tó o mọ́, tuntun sì ti wúwo jù fún un. Bí òun bá gbé tuntun sí i, kí ó tó tan, ènìyàn á ti se ẹ̀wà jinná. Ó ní kí n kúkú tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo gbé ẹ̀rọ yín padà sórí ọ̀kadà, mo dì í mọ́ àyà. Inú bí mi sí ọmọkùnrin náà. Inú bí mi sí ọlọ́kadà tó ń bá mi já kòtò. Kò sẹ́ni tí inú kò bí mi sí nígbà yẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí fóònù. Mo rí i pé kì í ṣe Wíńdòsì nìkan ló lè jí kọ̀ǹpútà kó sì máa darí rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Línúùsì, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ènìyàn sì ti ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ tó fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tó ti gbó. Ayọ̀ mi kò tíì délẹ̀ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pọ̀ jù, Bàbá! Ọ̀kan ní òun ló kéré jù, òmíràn ní òun ló rọrùn jù, ẹnìkan á yin èyí, ẹlòmíràn á bú u. Mo yan èyí ní àárọ̀, mo kọ̀ ọ́ ní ọ̀sán. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, Línúùsì ni mò ń rò. Mò ń ro ẹ̀bà, òun náà ni mò ń rò, ẹ̀bà sì di kókó. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín nìyẹn? Ṣé òun ló fà á tí Màmá fi máa ń pè yín nídìí tábìlì títí tí ẹ ò ní gbọ́?

Nígbà tó yá, mo mú èyí tó kéré jù lọ nínú wọn. Ó kéré débi pé inú mẹ́mórì ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú háàdì tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ pa mọ́ sí. Inú fláàṣì ni mo ti tan án. Ẹ ì bá rí i! Ẹ̀rọ tó máa ń kùn tó máa ń mí hẹlẹ, ó dìde fùú. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ṣetán. Àwọn ọmọ hó yèè. Èmi náà jó, Bàbá, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo fi ìdí jó.

Láti ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé mo lè wo inú háàdì yín láìsí páásíwọ́ọ̀dù kankan. Mo rò pé mo máa bá nǹkan àṣírí níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ètò ìsìn ìkórè, àti fọ́tò pápá ilé ìwé kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó parí. Kí wá lẹ ń fi ara bo bọ́tìnì fún látọjọ́ yìí? Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì, mo sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ óò rántí Rékíyà. Ìyá àwọn ìbejì, ará Ìgbìrà, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń bá onílẹ̀ dá oko kòkó ní Araromi-Obu. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní títẹ̀wé, tí ẹ máa ń pè é ní Akọ̀wé. Bí ẹ̀rọ ṣe jí, òun ló kọ́kọ́ jókòó sí i. Àwọn obìnrin tó ń yá ilẹ̀ dáko ló rán an pé kó bá wọn kọ̀wé sí káńsù, kí wọ́n wá ṣe afárá sí ojú omi tí ọ̀kadà ń rì sí bí òjò bá ti rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ó ń bá káńsù jà lẹ́nu bó ṣe ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ tán lọ́sàn-án, ó ní òun fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ni wọ́n bá mú iná.

Kò sẹ́ni tó mira nínú wa. Ṣé iná ò lọ rí ní Ore ni? A tan jẹnẹrétọ̀, Rékíyà tan ẹ̀rọ, ó wá ìwé rẹ̀. Kò sí níbì kankan. Ó sì ti séèfù o! Ó séèfù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ ọ, torí gbogbo ìgbà lẹ máa ń yí yàrá ká bí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì, ẹ óò máa ké "Ẹ séèfù o, ẹ séèfù iṣẹ́ yín." Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé inú mẹ́mórì yìí, àfi kí ènìyàn pa á ní pẹ̀lẹ́, kó ráyè kó ẹrù rẹ̀ síbi tó láàbò. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà bá a lọ. Ó wà nínú ohun tí mo kà. Mo kà á, mo sì fò ó dá. Èmi tí wọ́n bí sí Ore! Ta ló ń pa kọ̀ǹpútà ní pẹ̀lẹ́ níbí? Iná ló ń bá wa pa á.

Rékíyà wo ojú ẹ̀rọ títí. Ó wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, àbí Tísà ló wá mú un ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì tètè mọ̀ pé mo ti kúrò lórí ẹ̀rín. Rékíyà ló mọ̀. Ó fi ìborí rẹ̀ nù mí lójú, ó ní kí n má dá ara mi lóró, òun á tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lóòótọ́, lórí èyí tí mo gbé síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Káńsù kò tíì fèsì.

Èyí tí mo wá yan wúwo díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ń tan, ènìyàn lè lọ bomi mu kó padà. Ṣùgbọ́n orí háàdì ló ń gbé, ohun tí a bá séèfù, ibẹ̀ ló máa wà. Ó tún jọ Wíńdòsì lójú, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ọwọ́ àwọn ará ibí ti mọ́ látọ̀dọ̀ yín. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀, mo séèfù, mo já wáyà iná lógiri. Mo tún un tàn, mo bá ọ̀rọ̀ mi. Mo tún já a. Àwọn tó ń kọjá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Gbogbo ìgbà tí mo já a, mo bá ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Mo wá ń gbé e sínú àwọn ẹ̀rọ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Rékíyà ní kí n jẹ́ kí òun ṣe ìyẹn. Ó ti ń wò mí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí máòsì. Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Fi sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án!" Ohùn yín ni. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́fun mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè, ojú sì tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí n kò sọ nù nísàlẹ̀ tábìlì. Kí ló fà á tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mò ń wá ẹni tí màá fà á lé lọ́wọ́, kí ni mò ń dì mú?

Mo ní kó máa ṣe é lọ. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí n má baà já máòsì gbà. Níbi tí wọ́n ti ní kó yan èdè, ó tẹ Faransé, gbogbo ohun tó jáde lẹ́yìn ìyẹn kò sì yé ẹnikẹ́ni. Ó ń bá Faransé jà, ó ń pè é ní oríṣiríṣi orúkọ. Ó kù díẹ̀ kí n dìde. Mi ò dìde. Ó wá ọ̀nà padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó tún un yàn, ó ṣe é parí. Mo fún un ní fláàṣì tí mo fi ń gbé e sí i, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Mo wọkọ̀, mo lọ sí Àkúrẹ́.

Ìyẹn ni ìròyìn mi, Bàbá. Mo ti ń gbé Àkúrẹ́. Mo ní yàrá kan níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi gbọ́n, wọ́n sì máa ń pariwo. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀, kò sì balẹ̀. Fóònù ni mò ń mú dání lọ sí kíláàsì, òun ni mò ń mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Mò ń retí kí Rékíyà pè mí pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò pè. Mo pè é fúnra mi, ó ní dáadáa ni wọ́n wà. Mo ní ṣé kò sí ìṣòro kankan ni? Ó ní kò sí. Mo ní kó tún un wò dáadáa. Ó ní wíwò dáadáa ni òun wò ó yẹn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lónìí tí kò sí ilé ìwé, mo wọkọ̀ wá sí Ore, mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Irọ́ ni mo pa. Mo wá wò ó bóyá ó ti bàjẹ́ ni.

Ọ̀kan sì bàjẹ́ lóòótọ́ láìpẹ́ yìí. Ó kọ̀, kò tan. Rékíyà àti olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ìkàrẹ́ ló jókòó tì í, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n gbé tuntun sí i. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Lórí rẹ̀ ni mo wà tí mò ń kọ èyí sí yín.

Mo bi Rékíyà pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó yà á lẹ́nu.

"Àǹtí, kí ni mo fẹ́ pè yín sí? Ṣebí a ti tún un ṣe."

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, Bàbá. Òun ni mo fi gbogbo ara wá. Ó sì dùn mí wọ egungun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bọ́ sídìí ẹ̀rọ yìí kó má baà rí ojú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro tiyín. Gbogbo ìwé tí wọ́n fún yín pé kí ẹ máa lọ yẹn, tí ẹ dá padà, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é lẹ́yìn yín? Tàbí ẹ ò lè fara da ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é láìpè yín? Ṣé ìdí tí ẹ ò fi kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nìyẹn, àní èmi ọmọ yín tí mo jókòó tì yín láti kékeré? Mo rò pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù wá lọ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Àbí kì í ṣe ẹ̀rù? Bí ẹ bá ti lè sọ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe yín rèé, ǹ bá ti fà yín mọ́ra.

Òjò ti ń dá. Bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ á máa tó kún ní gáréèjì. Obìnrin kan ti dúró lẹ́yìn mi láti ìgbà díẹ̀, ó pọn ọmọ, ó ń retí àga yìí. Kò mọ̀ mí, kò mọ̀ yín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká pẹ̀lú ìtìjú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti ṣe tán níbẹ̀?"

Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń dìde fún un báyìí.

Ẹ sùn re, Bàbá. Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ń bínú sí yín, tí àárò yín sì ń sọ gan-an.